Onídùúró Méjì: Bí A Ṣe Tọ Ipasẹ̀ Àṣìṣe Kan Nínú Optimizer

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Adó-Èkìtì àti àwọn ìlú tó yí wa ká, mo kí yín, ẹ kú ìkàlẹ̀. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí compiler, ìyẹn ètò tó ń yí ohun tí ènìyàn kọ sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Bí mo bá ní kí n la gbogbo rẹ̀ já, ilẹ̀ á ṣú bá wa síbí. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lónìí, àṣìṣe tí èmi fúnra mi fi sínú compiler tí mo kọ, tó sì gbà mí ní ọjọ́ 11 kí n tó rí ìdí rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò kọ ètò rí, pàápàá ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹ bá wa jókòó. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ onídùúró ni a máa bá nídìí rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ẹ sì mọ ìyẹn jù mí lọ.

Èmi àti àwọn ọ̀dọ́ méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ṣe èdè kékeré kan tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé bí wọ́n ṣe ń kọ ètò, èdè tí àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ inú rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, a sì kọ compiler fún un. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ohun ìṣeré ni, a fi èdè náà kọ ètò tó ń ṣírò gbèsè àti èrè fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún: bí ẹni tó o ṣe onídùúró fún bá jẹ gbèsè tó ti kọjá àsìkò, a ó fi èrè ọdún tìrẹ dín in kù. Ní ìparí ọdún, lọ́jọ́ kejì tí wọ́n pín èrè, màmá tó jẹ́ akápò wọn pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ọmọ mi, wá wo nǹkan. Rìsíìtì tí ẹ̀rọ yín tẹ̀ lánàá ní Bàbá Oníṣu ṣì jẹ wá ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà. Mo sì ti yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀ nínú rẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo fi dá wọn lóhùn. Mo ní, "Mà, bóyá ẹ tẹ rìsíìtì náà kí owó tó wọlé ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti ṣí ìwé gbèsè gbọọrọ sílẹ̀ lórí tábìlì, ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ láti oṣù kìn-ín-ní. Wọ́n fi rúlà sábẹ́ ìlà kan, wọ́n sì gbé rìsíìtì lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé ní ₦13,500, rìsíìtì ní ₦18,000. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo bèèrè gbèsè Bàbá Oníṣu níṣojú wọn, kọ̀ǹpútà sì dáhùn: ₦13,500. Màmá wò mí, wọ́n ní, "Ti àná purọ́, ti òní sọ òótọ́. Ẹ̀rọ kan náà ni o."

Kí ìtàn tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí optimizer jẹ́: òun ni apá compiler tó ń tún ètò ṣe kó lè yára. Compiler tó kàn ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láti ìlà dé ìlà yóò ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe, ṣùgbọ́n yóò ṣe é bí ọmọ tí kò lo làákàyè. Ẹ ká ní ìyá kan ní Ìkẹ́rẹ́ rán ọmọ rẹ̀ lọ sí Ọjà Ọba ní Adó pé kó bèèrè iye tí wọ́n ń ta iṣu. Ọmọ lọ, ó bọ̀, ó jíṣẹ́. Kò pẹ́ tí ìyá tún ní òun fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta iṣu. Ọmọ tí kò lo làákàyè á tún wọ mọ́tò padà sí Adó. Ọmọ tó gbọ́n á ní, "Ìyá mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé, iye tí wọ́n ń tà á nìyí." Ìrántí kọ̀ǹpútà jìnnà sí processor, ìyẹn apá ẹ̀rọ tó ń ṣe ìṣírò, bí Adó ṣe jìnnà sí ẹni tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, kíka iye kan láti ibẹ̀ lè gba ìlọ́po ọgọ́rùn-ún àkókò tí processor fi ń ro méjì pọ̀ mọ́ mẹ́ta. Nítorí náà, bí optimizer bá rí i pé ètò ka iye kan lẹ́ẹ̀mejì, tó sì dá a lójú pé kò sí ẹni tó yí iye náà padà láàárín kíkà méjèèjì, yóò pa kíkà kejì rẹ́, yóò sì lo èyí tó ti wà lọ́wọ́. Gbogbo ẹwà iṣẹ́ náà àti gbogbo ewu rẹ̀ wà nínú "tó sì dá a lójú" yẹn.

Ó ń ṣe nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Bí ẹ bá kọ 60 lọ́nà 60 lọ́nà 24, yóò ti ṣírò 86400 sílẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ìṣírò kan bá wà nínú àyípo, ìyẹn apá tí ètò ń ṣe léraléra, tí èsì rẹ̀ kì í yí padà, yóò gbé e síta kí a ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré. Kì í ṣe àṣà tuntun. Nígbà tí John Backus àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní IBM gbé compiler FORTRAN jáde ní 1957, àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn kọ èdè ẹ̀rọ kò gbà pé ẹ̀rọ lè kọ ọ́ kó yá tó tiwọn. Optimizer inú rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n gbà. Frances Allen, tí òun náà ṣiṣẹ́ ní IBM, wà lára àwọn tó sọ àwọn ọgbọ́n yìí di ìmọ̀ tí a lè fi kọ́ ẹlòmíràn, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Turing ti 2006, ẹ̀bùn ńlá nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á. Àwọn ènìyàn tún fẹ́ràn láti sọ pé afòpiná tí wọ́n bá nínú ẹ̀rọ Mark II ní Harvard ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1947 ló mú kí a máa pe àṣìṣe ẹ̀rọ ní "bug", ìyẹn kòkòrò. Wọ́n bá afòpiná náà lóòótọ́, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ṣùgbọ́n Thomas Edison ti lo ọ̀rọ̀ náà nínú lẹ́tà ní 1878. Tèmi kì í ṣe afòpiná. Afòpiná á kú síbi tí ẹ ó ti rí òkú rẹ̀.

Mo padà sílé, mo ṣe ohun tí ẹni tó bá fura sí optimizer máa ń kọ́kọ́ ṣe: mo pa á, mo sì tún compiler gba orí ètò ẹgbẹ́ náà kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀. Rìsíìtì jáde, ₦13,500. Mo tan optimizer, ₦18,000. Ẹ̀yin tó ń lo GCC tàbí Clang, àwọn compiler èdè C, mọ méjèèjì yìí sí -O0 àti -O2.

Ẹ má tíì kígbe mọ́ compiler o. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti máa ń ṣi ẹjọ́ dá. Nínú èdè C, òfin èdè náà ka àwọn nǹkan kan léèwọ̀ fún ẹni tó ń kọ ètò, bí ó bá sì ṣe wọ́n, compiler kò jẹ ẹ́ ní àlàyé kankan. Fún àpẹẹrẹ, bí iye olódindi tó ní àmì, tí òpin rẹ̀ jẹ́ 2147483647, bá kọjá òpin yẹn, òfin kò sọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀, optimizer sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bí ẹni pé kò lè ṣẹlẹ̀ láé. Ní 2009, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú Linux, ètò ńlá tó ń darí kọ̀ǹpútà, nínú ètò tó ń darí ìsopọ̀ tí wọ́n ń pè ní tun. Ẹni tó kọ ọ́ lo adírẹ́sì ìrántí kan ní ìlà kan, ó wá yẹ adírẹ́sì náà wò ní ìlà tó tẹ̀lé e bóyá ó ṣófo. GCC rò ó pé ẹni tó ti lo adírẹ́sì ti gbà pé kò ṣófo, àyẹ̀wò ẹ̀yìn rẹ̀ kò wúlò mọ́, ó sì pa àyẹ̀wò náà rẹ́. Ojú ihò tí olè lè gbà wọlé ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fún un ní CVE-2009-1897, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá irú ihò bẹ́ẹ̀ mọ̀, àwọn tó ń kọ Linux sì wá ń fi àṣẹ -fno-delete-null-pointer-checks kìlọ̀ fún GCC kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ètò ló kọ́kọ́ rú òfin níbẹ̀. Compiler kàn gba òfin gbọ́ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ ni. Nítorí náà, kí ẹ tó pe compiler lẹ́jọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ètò yín ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo lábẹ́ òfin èdè rẹ̀. Èdè kékeré tiwa kò ní irú kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí a ti pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé gbogbo ìṣírò inú rẹ̀ ní ìtumọ̀. Kò sí ibi tí mo lè sá sí. Compiler mi ló jẹ̀bi.

Ohun tí ọwọ́ wa máa ń yá sí jù ni láti ní kí ètò máa tẹ iye jáde lójú ọ̀nà. Mo fi ìlà kan sínú function (ìyẹn apá ètò tó ní orúkọ tirẹ̀, tí apá mìíràn lè pè) tó ń pín ìyókù owó, pé kó tẹ gbèsè Bàbá Oníṣu jáde kí a rí i. Àṣìṣe pòórá. Mo yọ ìlà náà, àṣìṣe padà. Mo fi í síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún lọ, bí èkúté ilé tó mọ ìró ẹsẹ̀ onílé. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn inú bí mi gan-an, mo sì pa kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ ìlà títẹ̀ yẹn ti sọ ibi tí àrùn wà fún mi, èmi ni n kò gbọ́. Bí ohun kan tó yẹ kó kàn wò nǹkan lásán bá yí èsì padà, ó túmọ̀ sí pé ohun náà ti yí èrò optimizer nípa function yẹn padà.

Ní ọjọ́ kejì mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé ètò kù. Ètò ẹgbẹ́ náà tó ìlà 1,800, kò sì sí ojú tó lè wo ìlà 1,800 kó rí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbà gé e kò ní awo nínú: ẹ yọ apá kan, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú optimizer àti láìsí i, bí èsì méjèèjì bá ṣì yàtọ̀, apá tí ẹ yọ kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, ẹ sọ ọ́ nù, bí wọ́n bá ti bára mu, ẹ dá a padà, kí ẹ yọ ibòmíràn. Andreas Zeller ní Jámánì ti kọ ìlànà tí ẹ̀rọ fi lè ṣe èyí fúnra rẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn ará Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà sì gbé C-Reduce jáde ní 2012 fún àwọn tó ń wá àṣìṣe nínú compiler èdè C. Èdè tèmi kò ní irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ni mo fi gé e. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni. Mo yọ èlé, mo yọ ọjọ́ àti oṣù, mo yọ orúkọ àwọn ènìyàn, títí ó fi ku ìlà 19. Bí mo bá fi ìlà márùn-ún tó ń fi iye àkọ́kọ́ sípò sílẹ̀, ohun tó kù nìyí, níbi tí 2 ti jẹ́ Bàbá Oníṣu, tí 1 sì jẹ́ onídùúró rẹ̀:

iṣẹ́ sanwó(ẹni, owó):
    bí owó > gbèsè[ẹni]:
        ìyókù = owó - gbèsè[ẹni]
        gbèsè[ẹni] = 0
        dá pín_ìyókù(ẹni, ìyókù) padà
    gbèsè[ẹni] = gbèsè[ẹni] - owó
    dá 0 padà

iṣẹ́ pín_ìyókù(ẹni, owó):
    bí dúró_fún[ẹni] == 0:
        dá owó padà
    dá sanwó(dúró_fún[ẹni], owó) padà

àtijọ́ = gbèsè[2]
kù = pín_ìyókù(1, 4500)
tẹ àtijọ́, gbèsè[2], kù

Ẹ wò ó dáadáa. Function sanwó ń dín gbèsè ẹni kan kù. Bí owó bá ṣẹ́ kù, ó pe pín_ìyókù. Function pín_ìyókù kò fọwọ́ ara rẹ̀ kan gbèsè ẹnikẹ́ni; ó kàn wo ẹni tí ènìyàn náà dúró fún, ó sì pe sanwó padà. Àwọn méjèèjì ń pe ara wọn. Ìlà ìkẹyìn gbọ́dọ̀ tẹ 18000, 13500 àti 0 jáde, ṣùgbọ́n pẹ̀lú optimizer, 18000, 18000 àti 0 ló ń tẹ̀. Nígbà tí mo fi ètò yìí han ẹ̀gbọ́n kan tó ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ rí, kò bèèrè ọ̀rọ̀ compiler rárá. Ó ní, "Bí àwọn méjì bá ṣe onídùúró fún ara wọn ńkọ́? Ètò yín kò ní dúró láéláé nìyẹn." Mo ní òfin ẹgbẹ́ kò gba irú rẹ̀. Ẹ bá mi fi ìbéèrè yẹn pamọ́.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo ń gé ètò yìí tí n kò lóye, ṣùgbọ́n tí mo kọ sínú ìwé: bí mo bá gbé pín_ìyókù sókè tí mo sì gbé sanwó sísàlẹ̀, láì yí lẹ́tà kan padà nínú wọn, àṣìṣe á lọ.

Lẹ́yìn gígé ni pípín sí méjì. Mo ní kí optimizer fún gbogbo àtúnṣe tó bá ṣe ní nọ́ńbà, mo sì fi àṣẹ kan sí i tí mo lè fi sọ fún un pé kó dúró bó bá dé nọ́ńbà báyìí. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí LLVM, àkójọ irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ compiler, ní irú rẹ̀, -opt-bisect-limit ni wọ́n ń pè é. Lórí ìlà 19 yìí, àtúnṣe 23 ni optimizer ṣe. Mo ní kó dúró ní 12: èsì tọ́. Ní 18: èsì bàjẹ́. Ní 15: ó tọ́. Ní 17: ó bàjẹ́. Ní 16: ó tọ́. Ìgbà márùn-ún péré, bó bá sì jẹ́ àtúnṣe 1,000, ìgbà 10 ni ì bá gbà. Àtúnṣe kẹtàdínlógún ni apá tó ń pa kíkà tó jẹ́ àtúnkà rẹ́ ṣe: ó yọ gbèsè[2] kúrò nínú ìlà ìkẹyìn, ó fi àtijọ́ sípò rẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé. Ìdí nìyẹn tí rìsíìtì fi purọ́ tí fáìlì sì sọ òótọ́: gbèsè tó wà nínú ìrántí dín kù gan-an, ẹni tó ń tẹ rìsíìtì ni kò padà lọ wò ó.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fò sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ti mú un! Ẹ jẹ́ ká ní kó má pa kíkà rẹ́ mọ́ bí ìpè function bá wà láàárín." Ìyẹn ì bá tún rìsíìtì ṣe lóòótọ́, ó sì rẹ̀ mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ohun tó dá mi dúró ni pé nígbà tí mo ka apá tó ń pa kíkà rẹ́, n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn rẹ̀. Kó tó pa kíkà kejì, ó bèèrè ohun tó yẹ kó bèèrè: ṣé pín_ìyókù ń kọ nǹkan sínú ìrántí? Ìwé kan wà nínú compiler tí a kọ orúkọ gbogbo function sí, pẹ̀lú MỌ́ tàbí KÒ MỌ́ níwájú rẹ̀. Èyí tó mọ́ ni èyí tí kì í kọ nǹkan sínú ìrántí, tí kì í sì í tẹ nǹkan jáde. Ìwé dáhùn pé pín_ìyókù MỌ́. Apá tó ṣe ìpalára gba ìwé gbọ́ ni, kò sì sí bí kò ṣe ní gbà á gbọ́.

Òun nìkan kọ́ ló sì ń ka ìwé náà. Apá mìíràn wà tó ń wá ìpè tí ẹnikẹ́ni kò lo èsì rẹ̀. Bí function náà bá mọ́, yóò pa ìpè náà rẹ́ pátápátá, nítorí pé kò sí àǹfààní kankan nínú rẹ̀. A dán an wò. A yọ "kù" kúrò, a kàn pe pín_ìyókù(1, 4500) lásán. Ìpè náà pòórá, gbèsè kò dín rárá, nínú fáìlì pàápàá. Ká ní a ti ṣe àtúnṣe tí ọ̀dọ́ yẹn sọ ni, rìsíìtì Màmá Akápò ì bá gún régé, àṣìṣe tó ju ti àkọ́kọ́ lọ ì bá sì wà nílẹ̀ tó ń dúró de ẹni tí yóò kọ ètò mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi lẹ́ẹ̀mejì bí mo bá mú apá kan nínú optimizer: kí ló ṣe, àti ta ló sọ fún un pé kó ṣe é?

Ó wá ku bí irọ́ ṣe dé inú ìwé. Láti mọ̀ bóyá function kan mọ́, compiler mi ń ka ara function náà: ìpè inú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ló ń wo ìkọ̀wé. Bí ó bá rí ibi tó ti kọ nǹkan sínú ìrántí, ó parí, kò mọ́. Bí ó bá rí ibi tó ti pe function mìíràn, yóò lọ yẹ ìyẹn wò ná. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjì bá ń pe ara wọn, yóò máa yí po láìdúró, nítorí náà mo ti fi òfin kan síbẹ̀: bí o bá pàdé function tí a ṣì ń yẹ̀ wò lọ́wọ́, gbà fún ìgbà díẹ̀ pé ó mọ́, kí o sì máa lọ. Òfin yẹn fúnra rẹ̀ kò burú. Ẹ wá wo bí ó ṣe rìn. Sanwó ló wà lókè nínú fáìlì, òun ni a kọ́kọ́ pè síwájú. Kí a tó dé ibi tó ti ń kọ gbèsè sílẹ̀, a bá ìpè pín_ìyókù pàdé, nítorí compiler mi ń yanjú gbogbo ìpè kó tó ka ìkọ̀wé. A lọ yẹ pín_ìyókù wò. Kí ni pín_ìyókù ń ṣe? Kò kọ nǹkan kan, ó kàn ń pe sanwó. Ta ni sanwó? A ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ ká gbà fún ìgbà díẹ̀ pé ó mọ́. Ó dáa, pín_ìyókù mọ́ nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. A padà sọ́dọ̀ sanwó, a ka ìyókù ara rẹ̀, a rí i pé ó ń kọ gbèsè sílẹ̀. Sanwó KÒ MỌ́. A kọ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó padà lọ pa ohun tí a ti kọ síwájú pín_ìyókù rẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnu sanwó nìkan ló fi ń jẹ́ ẹni tó mọ́.

Ìlà kan ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo gba ẹ̀rí fún ìgbà díẹ̀, mo wá fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé.

Gbogbo ohun tó ti ń rú mi lójú wá tò lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí mo fi ìlà títẹ̀ sínú pín_ìyókù, òun fúnra rẹ̀ di ẹni tí kò mọ́, kò sì nílò ẹ̀rí sanwó mọ́. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe fi lọ. Nígbà tí mo gbé pín_ìyókù sókè, òun ni a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, sanwó sì wá jẹ́ ẹni tí a bá lójú ọ̀nà. Sanwó ń kọ gbèsè fúnra rẹ̀, nítorí náà kò mọ́ láìka ẹ̀rí ẹnikẹ́ni sí, ó sì fà á tí pín_ìyókù náà kò fi mọ́. Èsì kan náà kò yẹ kó yí padà nítorí ẹni tó kọ́kọ́ dé kóòtù, ṣùgbọ́n nínú compiler mi, ó ń yí padà.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà tún un ṣe. Èkíní ni pé kí a má kọ ìdájọ́ tó dúró lórí ẹ̀rí ìgbà díẹ̀ sílẹ̀ rárá. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ó ń mú kí a máa yẹ function kan náà wò léraléra, ó sì lè fa ọ̀lẹ bá compiler lórí ètò ńlá. Èkejì ni mo yàn. Robert Tarjan ti fi hàn ní 1972 bí a ṣe lè kó àwọn tó ń pe ara wọn lọ pe ara wọn bọ̀ jọ sí agbo kan náà nínú ìrìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, LLVM náà sì ń yẹ àwọn function rẹ̀ wò ní agbo-agbo bẹ́ẹ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí a ń pè bọ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ń pè wọ́n. Sanwó àti pín_ìyókù di agbo kan. Bí a bá rí ẹyọ kan nínú agbo tí kò mọ́, gbogbo agbo kò mọ́. Bí a kò bá rí, gbogbo wọn mọ́. A kò sì kọ nǹkan kan sínú ìwé títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn nínú agbo. Ìlà tí mo pa rẹ́ jẹ́ 31, èyí tí mo kọ dípò rẹ̀ jẹ́ 44.

Ètò onílà 19 yẹn wà lára àwọn ìdánwò wa títí dòní. Kò sí àtúnṣe tó ń wọ inú compiler bí kò bá là á kọjá, pẹ̀lú èkejì rẹ̀ tí a ti gbé pín_ìyókù sókè. Ṣùgbọ́n ìdánwò àṣìṣe àná kì í mú ti ọ̀la. Ní 2011, àwọn ará Utah kan náà gbé Csmith jáde, ètò tó ń fúnra rẹ̀ kọ ètò C lóríṣiríṣi láìsí ẹni tó ń rò ó fún un, tí wọ́n wá ń fi compiler oríṣiríṣi túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè rí ibi tí èsì wọn kò ti bára mu. Wọ́n fi rí àṣìṣe tó lé ní 325 tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. CompCert nìkan, compiler èdè C tí Xavier Leroy àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Faransé fi ẹ̀rí ìṣírò dì lọ́wọ́ dì lẹ́sẹ̀, ni wọn kò rí ìtumọ̀ òdì ní apá tí ẹ̀rí náà bò. A farawé Csmith, a kọ tiwa ní kékeré. Ẹ sì gbọ́ èyí: Csmith, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 2011, kì í kọ function tó ń pe ara rẹ̀ padà. Ká ní a dà á kọ lẹ́tà sí lẹ́tà ni, kò ní rí àṣìṣe tèmi títí ayé. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a ní kí tiwa máa kọ ni function méjì tàbí mẹ́ta tó ń pe ara wọn, ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tẹ̀lé ara wọn nínú fáìlì. Ní alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, ó rí àṣìṣe méjì mìíràn. N kò ní sọ ìyẹn lónìí.

Mo padà sọ́dọ̀ Màmá Akápò láti ròyìn. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, n kò lo ọ̀rọ̀ compiler rárá. Mo ní, "Mà, ẹ ká ní ẹni méjì wá yá owó. A bi èkíní pé ta ni onídùúró rẹ̀, ó ní èkejì. A bi èkejì, ó ní èkíní. Ẹ̀rọ mi wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé èkejì ní onídùúró, nígbà tí a kò tíì parí ọ̀rọ̀ èkíní." Wọn kò jẹ́ kí n parí. Wọ́n ṣí ẹ̀yìn ìwé òfin ẹgbẹ́, wọ́n fi ìka tọ́ ìlà kan tí wọ́n ti tẹ̀ síbẹ̀ kí a tó gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà nínú ẹgbẹ́ wọn, pé ẹni méjì kò gbọ́dọ̀ ṣe onídùúró fún ara wọn. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Ta ló ní kí ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó parí?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ka iye rìsíìtì tí ọ̀rọ̀ kàn lọ́jọ́ náà, ó jẹ́ 23, wọ́n ní kí n tún gbogbo wọn tẹ̀ kí n tó lọ, wọ́n sì fi stápù lẹ tuntun mọ́ ògbólógbòó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láì ya èyíkéyìí sọ nù.